Wáráńtì àfikún lórí píkọ́ọ̀pù tuntun, ṣé kí n rà á àbí kí n fi í sílẹ̀?

Káfíńtà_Onítírélà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa, ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dà mí láàmú. Mo ti san àsansílẹ̀ lórí píkọ́ọ̀pù tuntun, tuntun gidi o, ẹnikẹ́ni ò tíì wà á, òpin ọ̀sẹ̀ yìí ni mo máa lọ gbé e. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ máa fi ṣe jù, pákó ni mò ń kó àti irinṣẹ́, mo sì máa ń so tírélà mọ́ ọn lẹ́yìn bí ẹrù bá pọ̀. Nígbà tá a dúnàádúrà tán tí mo rò pé ó kù kí n máa lọ ilé, ni wọ́n bá mú mi wọ ọ́fíìsì mìíràn, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ó tẹ́ ìwé síwájú mi, ó ní kí n fi wáráńtì àfikún sí i, ìyẹn àdéhùn tí màá sanwó fún kí wọ́n lè máa tún ọkọ̀ ṣe fún mi lẹ́yìn tí wáráńtì tó bá ọkọ̀ wá bá tán, ọdún 7 tàbí 100,000 máìlì, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ó ní owó ẹ̀ á kàn wọ inú lóònù ọkọ̀ ni, pé mi ò tiẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára lóṣooṣù. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó, ó ní tí mi ò bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí mo bá wá gbé ọkọ̀, kò ní sí ní iye yẹn mọ́.

Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ni ọdún 3 tàbí 36,000 máìlì fún gbogbo ara ọkọ̀, àti ọdún 5 tàbí 60,000 máìlì fún ẹ́ńjìnnì, gíà àti àwọn irin tó ń yí táyà. Mo máa ń rìn tó 15,000 máìlì lọ́dún, mi kì í sì í tètè ta ọkọ̀, ó máa ń gbó sí mi lọ́wọ́ ni.

Ìyàwó mi ní ká rà á, pé kọ̀ǹpútà ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí, ọjọ́ tí ọ̀kan bá bàjẹ́ kí la fẹ́ fi tún un ṣe. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní owó tí mo fẹ́ jù sómi nìyẹn, pé òun ò rí ẹni tó jàǹfààní ẹ̀ rí. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn mi, àmọ́ wọn ò mọ̀ ju èmi náà lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á rí tàbí tẹ́ ẹ ń tún ọkọ̀ ṣe, kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni?

Bàbá_Ẹ́ńjìnnì

Àbúrò mi, kú oríire ọkọ̀ tuntun o, wàá fi gbé ire.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ lé ẹ sáré. Wáráńtì àfikún tó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà gan-an, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lo ṣì lè rà kí ọdún 3 tàbí 36,000 máìlì yẹn tó pé. Òótọ́ ni pé owó ẹ̀ lè gorí bí máìlì bá ṣe ń pọ̀ sí i, àmọ́ kò sóhun tó ń lé ẹ lọ́jọ́ tó o bá lọ gbé ọkọ̀. Gba kọ́kọ́rọ́ ẹ, wa ọkọ̀ ẹ lọ ilé, kó o wá fara balẹ̀ ka ìwé.

Ọdún 7 tó ń kà fún ẹ yẹn ńkọ́, bi í pé láti ìgbà wo. Lórí ọkọ̀ tuntun, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọjọ́ tó o gba ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ka ọdún, orí òdo ni wọ́n sì ti ń ka máìlì, wọn ò dúró kí ti ilé iṣẹ́ tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ tó ò ń rin 15,000 lọ́dún, wàá ti lo 36,000 tán ní nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀, 60,000 á pé lọ́dún mẹ́rin, 100,000 á sì pé ẹ lọ́wọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́jọ, kí ọdún 7 tiẹ̀ tó dé. Tó bá jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì àti gíà, láti 60,000 sí 100,000 nìkan lò ń sanwó fún, àwọn nǹkan yòókù láti 36,000. Nítorí náà nígbà tó o bá ń wo owó ẹ̀, má fi ọdún 7 pín in, fi ọdún mẹ́rin lé díẹ̀ pín in, kó o wá wò ó bóyá ó ṣì dùn létí.

Ní ti ohun tó ń bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì V8, ìyẹn onísílíńdà mẹ́jọ, tó pọ̀ nínú píkọ́ọ̀pù òde òní máa ń pa àwọn sílíńdà kan tì nígbà tí ọkọ̀ ò bá gbé nǹkan tó wúwo, kó lè dín epo kù. Nǹkan roboto kan tí wọ́n ń pè ní lifter ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kò ju àtàǹpàkò lọ púpọ̀. Tó bá há, wàá máa gbọ́ kó-kó-kó láàárọ̀ tó o bá ṣáná sí ọkọ̀, àwọn kan á ní ẹ́ńjìnnì ń gbóná lọ́wọ́ ni, wọ́n á máa wà á lọ. Rólà tó wà nídìí ẹ̀ ò ní yí dáadáa mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í họ camshaft jẹ, ìyẹn irin tó ń yí láti ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, eruku irin á bọ́ sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì á sì gbé e káàkiri gbogbo ibi tó yẹ kó dán. Ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ti di kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń ṣe é o, ọ̀pọ̀ ló ń rìn kọjá 200,000 láìsọ ohunkóhun, àmọ́ ẹni tó bá bá kì í gbàgbé.

Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ronú kàn ni iná àti kámẹ́rà. Iná ẹ̀yìn àwọn píkọ́ọ̀pù kan báyìí, rádà tó ń bá ẹ ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wà nínú ẹ̀. Omi á rọra ráyè wọlé, wàá rí i tó ń lami lẹ́yìn ike pupa yẹn láàárọ̀, tó bá yá iná ìkìlọ̀ á tàn níwájú ẹ pé ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn kì í tún un ṣe, odindi ni wọ́n ń pààrọ̀, wọ́n á sì tún fi kọ̀ǹpútà bá tuntun náà mọra pẹ̀lú ọkọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Wáráńtì tó bá jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì àti gíà nìkan ò ní wo ibẹ̀ rárá.

Tó bá jẹ́ èmi, tí mo mọ̀ pé mo máa lo ọkọ̀ kọjá 100,000, tó sì máa ń fa tírélà, mo máa rà á. Àmọ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ni mo máa rà, mi ò ní ra ti ẹni tí mi ò mọ ibi tó wà.

Àǹtí_Lóònù

Ẹ ṣé bàbá, ẹ kú àlàyé. Mo ṣiṣẹ́ pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yá èèyàn lówó ra ọkọ̀, torí náà ọ̀rọ̀ “á kàn wọ inú lóònù” yẹn ni mo fẹ́ sọ, òun ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀.

Owó tó bá ti wọ inú lóònù ti di owó tó ń bí èlé nìyẹn. Ká ní lóònù ẹ jẹ́ ọdún 6 pẹ̀lú èlé 8% lọ́dún, gbogbo 100 tó o bá fi kún un, wàá san án di bí 126 kó o tó parí. Kí wá ni èlé yẹn wà fún? Bàbá ti sọ ọ́ lókè, fún bí ọdún méjì ààbọ̀ àkọ́kọ́, wáráńtì ilé iṣẹ́ ló ń tún ọkọ̀ ẹ ṣe, èyí tó o yáwó rà kò tíì ṣe nǹkan kan àyàfi bóyá kó wọ́ ọkọ̀ fún ẹ tó bá kú sójú ọ̀nà tàbí kó sanwó ọkọ̀ míì fún ẹ lò, èlé ẹ̀ sì ti ń gorí láti oṣù àkọ́kọ́. Tó o bá fẹ́ rà á, fi owó ọwọ́ rà á. Tí kò bá sí owó ọwọ́, dúró dìgbà tó máa wà, àkókò ṣì wà níwájú ẹ.

Má sì jẹ́ kí wọ́n máa pe iye rẹ̀ fún ẹ lóṣooṣù. Ní kí wọ́n kọ odindi iye sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ dílà ló ń fi èrè tiwọn lé e bó ṣe wù wọ́n, ìwé kan náà, láti ilé iṣẹ́ kan náà, o lè rí dílà mìíràn tó ń ta irú ọkọ̀ yẹn tó máa tà á fún ẹ ní owó tó kéré sí ti èyí, àwọn kan ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá. Tó o bá ti mú iye tí ẹlòmíràn pè lọ́wọ́ wọ ọ́fíìsì yẹn, wàá rí i pé iye tí kò ní sí mọ́ yẹn á tún sọ̀kalẹ̀ sí i.

Tí ẹnì kan bá ti rà á tó ń ka èyí tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀: ẹ lè dá a padà. Ọ̀pọ̀ ìwé ló fàyè gbà á láàárín ọjọ́ 30 tàbí 60 pé kí wọ́n dá gbogbo owó padà tẹ́ ò bá tíì lò ó, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á yọ èyí tó ti lò àti owó ìwé díẹ̀, wọ́n á dá ìyókù padà. Àmọ́ tó bá jẹ́ inú lóònù ló wà, ọ̀dọ̀ ẹni tó yáni lówó ni owó yẹn ń lọ, kì í bọ́ síni lọ́wọ́, owó oṣooṣù ò sì ní dín kù, lóònù á kàn tètè parí ni. Tí ọkọ̀ bá sì ṣe ìjàǹbá tí ìnṣọ́ránsì ní ó ti bàjẹ́ pátápátá, tàbí tẹ́ ẹ bá ta ọkọ̀, ẹ pè wọ́n fún owó ọdún tó kù. Mi ò rí kí wọ́n fúnra wọn pe oníbàárà kan láti rán an létí.

Fowó_Pamọ́

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dára, àmọ́ èmi ò ní rà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ń ta nǹkan yìí mọ̀ ju gbogbo wa lọ nípa iye ìgbà tí ọkọ̀ ń bàjẹ́, wọ́n sì ti fi ìyẹn ṣírò owó ẹ̀. Tá a bá kó gbogbo ẹni tó rà á jọ, owó tí wọ́n san gbọ́dọ̀ ju owó tí ilé iṣẹ́ fi tún ọkọ̀ wọn ṣe lọ, torí inú ẹ̀ ni owó òṣìṣẹ́ wọn, èrè dílà àti èrè tiwọn ti ń jáde. Ẹnì kan lè jèrè, òótọ́ ni, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ò ní jèrè. Nítorí náà mú iye yẹn gan-an, pín in sí oṣù méjìdínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n, máa fi sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ kí wáráńtì ilé iṣẹ́ tó tán. Tí ohunkóhun ò bá bàjẹ́, tìẹ ni. Tí táyà ló kú, wàá fi ra táyà, wáráńtì wo ló máa ra táyà fún ẹ?

Ẹ̀wẹ̀, àwọn àléébù tó ń dẹ́rù bà yín jù yẹn, ilé iṣẹ́ ló máa ń pe ọkọ̀ padà nígbà tó bá pọ̀. Ní 2024 Toyota pe nǹkan bí 100,000 ọkọ̀ padà ní Amẹ́ríkà, píkọ́ọ̀pù wọn tó ń jẹ́ Tundra ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí pé eruku irin láti ibi tí wọ́n ti gé ẹ́ńjìnnì ṣẹ́ kù sínú ẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025 GM, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, náà pe nǹkan bí 600,000 padà tó ní ẹ́ńjìnnì V8 6.2L, torí irin inú ẹ́ńjìnnì lè já lójijì. Irú ìyẹn, ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè bóyá o ra àfikún tàbí o ò rà, òfin ibẹ̀ sì fún un tó ọdún 15 lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ ta ọkọ̀. Catalytic converter, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀, àti kọ̀ǹpútà tó ń darí èéfín náà, lórí ọkọ̀ tí kò wúwo jù, òfin Amẹ́ríkà ní kí ilé iṣẹ́ dúró lé e lórí fún ọdún 8 tàbí 80,000 máìlì. Ẹni tó bá wà nínú European Union tó ra ọkọ̀ fún ìlò ara ẹ̀, ẹni tó ta ọkọ̀ tuntun fún un ló máa dáhùn fún àléébù tó ti bá ọkọ̀ wá, fún ọdún méjì ó kéré tán. Káfíńtà, lọ wo ohun tí òfin ibi tó o wà ti fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ná, kó o tó tún un rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bàbá_Ẹ́ńjìnnì

@Fowó_Pamọ́ ọ̀rọ̀ ẹ mọ́gbọ́n dání, mi ò sì ní bá ẹ jiyàn lórí ìṣirò. Ohun kan ni mo fẹ́ kó o rò. Gíà ò ní dúró kí àkáǹtì kún kó tó kọṣẹ́. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun, tí gíà bá lọ lórí 70,000 máìlì, ọkọ̀ dúró, iṣẹ́ dúró, oníbàárà ń pè. Ilé iṣẹ́ sì máa ń pe ọkọ̀ padà fún ohun tó lè ṣe èèyàn léṣe tàbí tó lòdì sófin, wọn kì í sábà pe ọkọ̀ padà torí pé A/C ò tutù mọ́. Tó o bá lówó tó lè gba ìyà odindi gíà kan lójijì láìyáwó, má rà á, mo gbà pẹ̀lú ẹ. Tí o ò bá ní in, èyí yàtọ̀.

Fowó_Pamọ́

Ẹ ṣé bàbá, mo gbà sí yín lẹ́nu níbẹ̀, ẹni tí kò lè fara da owó gíà lẹ́ẹ̀kan náà kò yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀nà tèmi. Àmọ́ kó má fi èlé rà á ṣá.

Ọmọ_Ojúlówó

Èmi rà á lórí tèmi o, ó sì gbà mí. Skrín àárín ọkọ̀ ló kú, nígbà tí wáráńtì ilé iṣẹ́ ti tán. Àṣé inú skrín yẹn ni A/C, kámẹ́rà ẹ̀yìn àti ohun tó ń darí bíréèkì tírélà wà gbogbo ẹ̀, ó ṣú dúdú báyìí, mi ò lè dín A/C kù, mi ò lè rí ẹ̀yìn. Wọ́n pààrọ̀ odindi, iye kékeré tí ìwé ní kí n san ni mo san. Ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ni mo rà, gbogbo dílà wọn ló ń gbà á.

Káfíńtà_Onítírélà

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á san yín lẹ́san, mo ti kà á tán mo tún kà á. Àǹtí, ọ̀rọ̀ èlé tó ń gorí nígbà tí wáráńtì ò tíì ṣiṣẹ́ yẹn, mo fi han ìyàwó mi, òun náà dákẹ́.

Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Mo ń ronú láti fi táyà tó ga díẹ̀ sí i kí n sì gbé ọkọ̀ sókè torí àwọn ibi tí mò ń lọ ṣiṣẹ́ ò dáa, ṣé ìyẹn lè ba wáráńtì jẹ́? Ìkejì, látìgbà tí mo ti san àsansílẹ̀ ni àwọn kan ti ń pè mí lórí fóònù pé wáráńtì ọkọ̀ mi fẹ́ tán, ọkọ̀ tí mi ò tíì gbé. Tiwọn tiẹ̀ wọ́n ju ti dílà lọ gan-an. Ta ni wọ́n?

Ìyá_Klémù

Àbúrò, ibi tó o ti sọ pé iṣẹ́ lo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe ni mo ti dúró, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ bà á látòkè wá. Iṣẹ́ tí mo ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí n máa gba ìpè lọ́wọ́ mẹ́káníìkì tó bá fẹ́ kí ilé iṣẹ́ wáráńtì sanwó iṣẹ́. Ìdí tí a fi máa ń sọ pé rárá kò pọ̀, àwọn kan náà ló ń padà wá lójoojúmọ́, iṣẹ́ ajé sì wà lára àwọn tó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ìwé ló kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé ọkọ̀ tí wọ́n bá fi ń ṣe iṣẹ́ owó kò sí níbẹ̀, àyàfi tó o bá ti fi owó kún un fún ìlò iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé ó bi ẹ́ pé kí lo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe? Tí kò bá bi ẹ́, ìwé tó tẹ́ síwájú ẹ lè jẹ́ èyí tí ìwọ ò ní rí nǹkan kan gbà nínú ẹ̀, wàá san owó ẹ̀ pé, ọjọ́ tí gíà bá kọṣẹ́ ni mẹ́káníìkì á pe wa, a ó bi í pé kí ló wà lẹ́yìn ọkọ̀, á ní pákó àti ayùn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìwé àdéhùn tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí ni kó o gbà lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe bébà aláràbarà tó ní àwòrán ọkọ̀ lára. Wá ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọn ò ní san sí, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ìlò iṣẹ́, fífa ẹrù tó ju agbára ọkọ̀ lọ, àyípadà tí ilé iṣẹ́ ò ṣe, gbogbo ẹ̀ máa ń wà lójú ewé kan náà.

Ìyẹn náà ló dáhùn ọ̀rọ̀ táyà. Wáráńtì tó bá ọkọ̀ wá àti èyí tó o rà kò rí bákan náà. Ti ilé iṣẹ́, ní Amẹ́ríkà òfin kan wà láti 1975, Magnuson-Moss Warranty Act, tí kò jẹ́ kí wọ́n fagi lé e kìkì torí pé o ṣe sáfíìsì níbòmíràn tàbí o lo páàtì ẹlòmíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ohun tó o fi sí i ló fa ìbàjẹ́ yẹn. Àmọ́ àfikún, ohun tí ìwé bá sọ ni. Tó bá ní ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè tàbí tó wọ táyà tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ kò sí níbẹ̀, kò sí níbẹ̀ náà nìyẹn, mo ti rí ibi tí mẹ́káníìkì fi fọ́tò ọkọ̀ ránṣẹ́ tó jẹ́ táyà nìkan la wò tá a fi sọ pé rárá. Ìwé míì wà tó fàyè gbà á tó o bá sanwó lé e, tàbí tó bá jẹ́ dílà ló fi sí i. Béèrè kó o tó gbé ọkọ̀ sókè.

Irú ìwé méjì ló wà. Ọ̀kan á ka ohun tó máa tún ṣe: ẹ́ńjìnnì, gíà, pọ́ńpù báyìí báyìí. Ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, kódà kó jẹ́ wáyà kan ṣoṣo, ìwọ ló ni ín. Ìkejì á ka ohun tí kò ní tún ṣe, gbogbo ohun tó kù á sì wà níbẹ̀. Ìkejì yìí ló dáa jù, òun ló sì máa ń wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í san pádì bíréèkì, táyà, wáípà àti bátìrì.

Risíìtì ọ́ìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń béèrè tí ẹ́ńjìnnì bá kú nìyẹn. Ọjọ́ àti máìlì gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwọ fúnra ẹ lò ń yí ọ́ìlì, tọ́jú risíìtì ọ́ìlì àti ti fíltà, kọ máìlì sí i, ya á ní fọ́tò kí yíǹkì ẹ̀ tó parẹ́. Ọkọ̀ tó bá sì bàjẹ́, má jẹ́ kí mẹ́káníìkì tú ohunkóhun kó tó pe ilé iṣẹ́ wáráńtì kí wọ́n fún un ní nọ́mbà àṣẹ. Ìwọ ni wọ́n máa ní kó o fọwọ́ sí owó títú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n bá tú u tán tí wọ́n rí i pé ohun tó fà á ò sí nínú ìwé, ọrùn ẹ ni owó títú náà wà.

Àwọn tó ń pè ẹ́ lórí fóònù, má dá wọn lóhùn, má sì fún wọn ní nọ́mbà ọkọ̀. Ní 2021, àwọn kan fi ẹ̀rọ pe àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà ju ìgbà 5 bílíọ̀nù lọ láàárín oṣù mẹ́ta péré lórí ọ̀rọ̀ wáráńtì ọkọ̀ yìí kan náà, ní oṣù kẹjọ 2023 ni FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, bu owó ìtanràn tó sún mọ́ 300 mílíọ̀nù dọ́là lé wọn. Ṣáájú ìgbà yẹn, US Fidelis ní Missouri, tí wọ́n ń polówó irú nǹkan yìí lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ inú gbèsè tí wọ́n ní láti lọ sọ ní kóòtù ní 2010. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló burú o, àwọn tó dáa wà, àmọ́ bi wọ́n pé ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì wo ló dúró lẹ́yìn yín tẹ́ ẹ bá kógbá sílé. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ẹ̀ kíákíá, dìde kúrò níwájú ẹ̀.

Bàbá_Ẹ́ńjìnnì

Ìyá, ẹ kú làákàyè. Ti ìlò iṣẹ́ yẹn, mi ò mú un wá sọ́kàn nígbà tí mò ń sọ pé kó rà á, ó sì yẹ kó ṣáájú gbogbo ohun tí mo sọ.

Káfíńtà_Onítírélà

Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé gan-an. Mo pe ọkùnrin ọ́fíìsì yẹn láàárọ̀ yìí, mo ní kó fi ìwé tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí ránṣẹ́ sí mi lórí íméèlì. Kò kọ́kọ́ fẹ́, ó ní ọjọ́ tí mo bá dé ni mo máa rí i, mo ní tí kò bá fi ránṣẹ́ mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́, ló bá fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yín ló rí mà, ó wà níbẹ̀ kedere, ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ owó ò sí nínú ẹ̀. Mo wá bi í, ó ní àá, èyí tó gba iṣẹ́ wà o, owó ẹ̀ kàn ga ju èyí lọ ni.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí. Mo máa gbé ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn láìra nǹkan kan mọ́ ọn. Mo máa béèrè iye èyí tó gba ìlò iṣẹ́ lọ́wọ́ dílà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ nìkan, màá sì máa fi owó pamọ́ lóṣooṣù bí Fowó_Pamọ́ ṣe wí. Nígbà tí ọkọ̀ bá sún mọ́ 30,000, tí owó yẹn bá ti tó, mo máa fi rà á láìyáwó, tí ọkọ̀ bá sì ń ṣe dáadáa tí mo rí i pé mo lè fara da owó gíà, ó lè jẹ́ pé mi ò ní rà á mọ́. Gbígbé ọkọ̀ sókè, mo ti fi sílẹ̀ ná.

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kan péré ló kù. Wọ́n kọ iye kan síbẹ̀ tí mo máa fi ọwọ́ ara mi san kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa san án àbí gbogbo ìgbà?

Ìyá_Klémù

Wo gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ iye yẹn dáadáa. Tó bá ní gbogbo ìgbà tó o bá gbé ọkọ̀ wá, ohun mẹ́ta lè bàjẹ́ pa pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lo máa san án. Tó bá ní lórí ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tún ṣe, ohun mẹ́ta, ìgbà mẹ́ta lo máa san án lọ́jọ́ kan náà. Èyí àkọ́kọ́ ni kó o rà. Àwọn kan tún wà tí wọn ò gba ohunkóhun tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ dílà tó ta ìwé náà lo gbé ọkọ̀ lọ, àmọ́ tó o bá gbé e lọ síbòmíràn wọ́n á gbà á, nítorí náà bí o bá rà á lọ́wọ́ dílà tó jìnnà torí pé owó tiẹ̀ dínkù, béèrè ìyẹn náà kó o tó sanwó.